Ẹ̀wà, Ọ̀dá, àti Ohun tí Irúgbìn Jogún

Òwe kan wà tí àwọn baba wa fi to oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá ní ipò-n-ípò. Iyán ni wọ́n fi ṣe oúnjẹ gan-an, wọ́n fi ọkà ṣe oògùn, wọ́n ní àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, wọ́n sì fi gúgúrú sí ìdí pátápátá, pé kí ẹnu má baà dilẹ̀ ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ó sì pẹ́ tí nǹkan kan ti ń ṣe mí ní kàyéfì nínú rẹ̀. Ẹ̀wà dà? Ẹni tí ó pa òwe náà kò rántí rẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà ni a fi ń ṣe àkàrà tí a fi ń mu ẹ̀kọ òwúrọ̀; òun ni a fi ń ṣe ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kuru; òun ni ó di gbẹ̀gìrì lórí àmàlà. Bí a bá bí ìbejì, ẹ̀wà ni a ń sè fún àwọn ọmọ àdúgbò. Bí arúgbó bá kú, àkàrà ni a ń dín tí a ń pín fún ará ilé àti ará òde. Oúnjẹ tí ó ń kí ọmọ tuntun káàbọ̀, tí ó sì ń sin àgbà dé ọ̀run, báwo ni a ṣe gbàgbé rẹ̀ nígbà tí a ń to oúnjẹ?

Èrò tèmi ni pé ilẹ̀ gbígbẹ ni ilé ẹ̀wà, pé ìdí nìyí tí òwe wa fi fò ó dá. Ní ìhà gúúsù tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ewé ni ẹ̀wà máa ń yọ ju èso lọ, kòkòrò a sì ba òdòdó rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà ni àgbẹ̀ wa ṣe máa ń dúró de òjò àrọ̀kúrò kí ó tó gbìn ín. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà tí a ń tà ní Bódìjà ní Ìbàdàn àti ní àwọn ọjà ńlá Èkó, ọkọ̀ ni ó ń kó o wá láti òkè Ọya. Àlejò tí ó ti pẹ́ nílé títí a fi gbàgbé pé àlejò ni, irú rẹ̀ ni ẹ̀wà.

Èmi kì í ṣe onímọ̀ irúgbìn. Èdè àti àṣà ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ìtàn bí ẹ̀wà ṣe kọ́ láti fara da ọ̀dá, àárín àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì nìkan ni a ti ń sọ ọ́, ní èdè tí nọ́ńbà, lẹ́tà àti àmì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Mo gbà pé ìtàn àwọn ènìyàn ni kí ó tó di ìtàn nọ́ńbà, àti pé ó yẹ kí àwa tí à ń jẹ ẹ̀wà mọ̀ ọ́n.

Ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Ghana, àwọn awalẹ̀pìtàn hú àwọn hóró ẹ̀wà tí iná ti jó di èédú, ní àwọn ibùgbé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní ti Kintampo. Wọ́n wọn ọjọ́ orí àwọn hóró náà fúnra wọn, kì í ṣe ti ilẹ̀ tí wọ́n bá wọn nínú rẹ̀ nìkan. Ìwádìí tí A. C. D'Andrea àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé wọ́n ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1800 sí 1600 ṣáájú ìbí Jésù. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti sọ ẹ̀wà di ohun ọ̀gbìn, ó sì ti lé ní 3,500 ọdún tí a ti ń gbìn ín ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yìí. Ẹ̀wà ìgbẹ́ ṣì wà káàkiri Áfíríkà títí di òní: hóró rẹ̀ kéré, ó le, bí pádì rẹ̀ bá sì ti gbẹ, fúnra rẹ̀ ni ó máa ń là tí yóò fọ́n èso sílẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó rí ìtàkùn kan tí pádì rẹ̀ kò tètè là, tí ó sì tọ́jú hóró ìyẹn fún ọdún tí ń bọ̀, kò kọ ọ́ sínú ìwé. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo fura pé obìnrin ni, nítorí pé ọwọ́ obìnrin ni ìtọ́jú irúgbìn máa ń wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ṣùgbọ́n ìfura lásán ni.

Ohun kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ṣe tí ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀wà àtijọ́ ni ó máa ń ka ọjọ́. N kò sọ èyí ní àfiwé. Ewé wọn máa ń mọ bí ọ̀sán ṣe gùn tó, ìgbà tí ọ̀sán bá sì ń kúrú sí i ní ìparí ìgbà òjò ni wọ́n tó máa ń yọ òdòdó. Bí àgbẹ̀ kan bá gbin tirẹ̀ ní oṣù kẹfà, tí aládùúgbò rẹ̀ gbìn ní oṣù keje, nǹkan bí àkókò kan náà ni oko àwọn méjèèjì yóò yọ òdòdó. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé èso yóò gbó nígbà tí òjò bá ti dá, tí ọ̀rinrin kò ní í mú un jẹrà mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kórè jéró tí wọ́n gbìn ín sí láàárín. Irú tí ó bá òpin òjò ìlú kan mu lè má bá ti ìlú tí ó wà ní àríwá rẹ̀ mu. Nítorí náà, bí a bá rìn láti Zaria títí dé etí aṣálẹ̀, à ń ti inú kálẹ́ńdà kan bọ́ sínú òmíràn ni, irúgbìn ni a sì fi kọ gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n irú kálẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ ní àléébù kan. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í yí padà láti ọdún dé ọdún. Òjò a máa yí. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní gbogbo ilẹ̀ Sahel, láti Senegal títí dé Sudan. Ọ̀dá ọdún 1972 sí 1973 pa ènìyàn, ó pa màlúù lọ súà. Kí wọ́n tó gbàgbé rẹ̀, ti ọdún 1983 sí 1984 dé. Omi adágún Chad fà sẹ́yìn kúrò lẹ́yìnkùlé àwọn apẹja. Ní oko, ẹ̀wà ń dúró kí ọ̀sán kúrú kí ó tó yọ òdòdó, ó sì ń yọ òdòdó nígbà tí òjò ti lọ. Ohun tí ó jẹ́ ọgbọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá di ìdí tí àgbẹ̀ fi ń kórè ewé lásán.

Ibi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wọ inú ìtàn wa nìyí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IITA, Ìbàdàn ni a dá a sílẹ̀ sí ní ọdún 1967, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ọ̀yọ́. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ara wọn lọ́wọ́ ni láti kó irú ẹ̀wà gbogbo ayé jọ sí ìpamọ́ nínú yàrá tí ó tutù bíi yìnyín. Èyí tí ó wà níbẹ̀ lónìí ju 15,000 lọ, kò sì sí ibòmíràn láyé tí wọ́n kó ẹ̀wà jọ tó bẹ́ẹ̀. Hóró kọ̀ọ̀kan tí ó bá dé ni wọ́n ń fún ní orúkọ tuntun: TVu, pẹ̀lú nọ́ńbà níwájú. T ń tọ́ka sí ilẹ̀ olóoru, Vu sì jẹ́ ìkékúrú Vigna unguiculata, orúkọ tí ẹ̀wà ń jẹ́ ní èdè Látìn. Èyí tí àwọn fúnra wọn bá bí nípa mímú akọ àti abo pọ̀ ni wọ́n ń fi IT ṣáájú orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọdún, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà. K, bí àpẹẹrẹ, ń tọ́ka sí Kánò.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti ẹ̀wà, ìwé àkọsílẹ̀ ni wọ́n wò. N kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni: kò sí bí ènìyàn ṣe lè tọ́jú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún irúgbìn láìsí nọ́ńbà, orúkọ kan náà ni abúlé mẹ́wàá sì lè máa pe ẹ̀wà mẹ́wàá tí kò jọra. Ṣùgbọ́n olùkọ́ èdè ni mí, ojú mi kì í kúrò lára orúkọ. Nígbà tí mo ka ìròyìn àwọn àyẹ̀wò tí mo fẹ́ sọ yìí, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé nínú ẹ̀wà mẹ́rin tí wọ́n yìn jù, méjì ń jẹ́ nọ́ńbà, méjì sì ń jẹ́ orúkọ tí àgbẹ̀ sọ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a dé ibẹ̀.

Ẹni tí ó ṣe gudugudu nínú ọ̀rọ̀ yìí ni B. B. Singh, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ẹ̀wà fún IITA, tí ó sì wà ní Kánò fún èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ìṣòro tí ó kọ́kọ́ dojú kọ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé inú oko kì í jẹ́ kí a mọ òótọ́. Bí ọ̀dá bá dá, tí ẹ̀wà kan gbẹ, tí èkejì wà ní tútù, kí ni ìdí? Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ó le. Ó sì lè jẹ́ pé gbòǹgbò rẹ̀ ni ó jìn, tí ó ń fa omi nísàlẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń ṣọ̀fọ̀ lókè. Ẹni tí ó ní kànga lẹ́yìnkùlé kò tíì fi hàn pé òun lè fara da òǹgbẹ. Nítorí náà, wọ́n kan àpótí onípákó tí kò jìn, wọ́n tẹ́ ọ̀rá sí inú rẹ̀, wọ́n da erùpẹ̀ àti yanrìn tí wọ́n pò pọ̀ sí i, èyí tí kò nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Gbòǹgbò kò rí ibi sá lọ. Wọ́n gbin oríṣiríṣi ẹ̀wà sínú àpótí kan náà, wọ́n bomi rin wọ́n títí wọ́n fi hù dáadáa, wọ́n wá dá omi dúró. Lẹ́yìn náà, kíkà ni ó kù: lójoojúmọ́ wọ́n ń ka èyí tí ó rọ.

Pákó, ọ̀rá, yanrìn. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà nítorí pé kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá nínú rẹ̀. Káfíńtà àdúgbò lè ṣe é.

Ohun tí wọ́n rí ni Mai-Kodomi, Singh, Terao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ jáde ní ọdún 1999. Àwọn ẹ̀wà kan wà tí wọn kò lè fara dà á rárá. Wọ́n tètè kú. Àwọn tí ó fara dà á pín sí ọ̀nà méjì. Irú kìíní, tí TVu 11986 àti TVu 11979 jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀, bí omi bá ti dá báyìí, wọn a dá ìdàgbàsókè dúró. Ewé àgbà àti ọ̀mùnú, gbogbo wọn a jọ máa fara da ebi náà ní dọ́gbadọ́gba fún ohun tí ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, bí kò bá sì sí omi, wọn a jọ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Irú kejì yàtọ̀. Àwọn wọ̀nyí kò dá dúró. Wọ́n ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Ewé méjì àkọ́kọ́ tí ó wà nísàlẹ̀ a máa yọ̀ǹda omi ara rẹ̀ fún ọ̀mùnú tí ó wà lókè, ewé àgbà á rọ, á kú, ọ̀mùnú á sì wà ní tútù.

Ènìyàn tí ó bá ti gbé nínú ilé tí ìyàn ti mú rí yóò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ilé méjèèjì wọ̀nyí. Èkíní sọ pé bí a bá kú, kí a jọ kú. Bí a bá yè, kí a jọ yè. Èkejì sọ pé kí ọmọ yè ná. Bí òjò bá tètè padà, ilé àkọ́kọ́ ni yóò jàǹfààní jù, nítorí pé ewé rẹ̀ pé. Bí òjò bá pẹ́, ilé kejì ni yóò ṣẹ́kù. Orúkọ àwọn tí ó jẹ́ àpẹẹrẹ ilé kejì yìí ni Dan Ila àti Kanannado. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ìwádìí ni ó bí wọn. Ẹ̀wà àwọn àgbẹ̀ àríwá Nàìjíríà ni wọ́n, tí baba ń gbà lọ́wọ́ baba, wọ́n sì gbé orúkọ wọn láti oko wọ inú ìwé àwọn onímọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan àjogúnbá. Ó yẹ kí n rán òǹkàwé létí pé ìbátan ẹ̀wà ni a fi dá ìmọ̀ yìí sílẹ̀. Gregor Mendel, àlùfáà ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní ìlú Brno, ẹ̀wà ilẹ̀ Yúróòpù ni ó gbìn sínú ọgbà láàárín ọdún 1856 àti 1863. Ó mú èyí tí hóró rẹ̀ yí roboto pọ̀ mọ́ èyí tí hóró rẹ̀ hun jọ. Gbogbo ọmọ wọn ni ó yí roboto. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ náà bí ọmọ, hóró tí ó hun jọ sì padà wá: 5,474 yí roboto, 1,850 hun jọ, ìyẹn ni mẹ́ta sí ẹyọ kan. Ohun tí ó farapamọ́ sí ara ọmọ jáde ní ara ọmọ-ọmọ. Àwa Yorùbá kò ní fi èyí ṣe kàyéfì, àwa tí à ń sọ ọmọ ní Babátúndé. Ṣùgbọ́n Mendel ni ó kà á, tí ó sì rí i pé kíkà náà ní òfin. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1866, ẹnikẹ́ni kò sì kà á sí títí di ọdún 1900. Ohun àjogúnbá tí òfin rẹ̀ ń darí yìí ni à ń pè ní jíìnì lónìí.

Ohun kan náà ni àwọn ará Kánò ṣe sí ọ̀dá. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, nítorí pé òdòdó ẹ̀wà ni ó máa ń fún ara rẹ̀ lóyún. Kí ó tó là ni a ó ti ṣí i, tí a ó yọ ohun akọ inú rẹ̀ kúrò, tí a ó wá fi ti ẹ̀wà mìíràn kàn án. Òwúrọ̀ kùtùkùtù sì ni iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kí oòrùn tó kan àtàrí ni òdòdó yóò ti pa dé. Wọ́n mú èyí tí ó lè fara da ọ̀dá pọ̀ mọ́ èyí tí kò lè fara dà á. Gbogbo ọmọ ni ó fara dà á. Nígbà tí wọ́n gbin ọmọ-ọmọ sínú àpótí, mẹ́ta fara dà á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó kú. Jíìnì kan ṣoṣo, ni wọ́n wí, ni ó wà nídìí irú kìíní. Jíìnì kan ni ó wà nídìí irú kejì. Irú kìíní sì borí irú kejì bí wọ́n bá pàdé. Wọ́n sọ wọ́n ní Rds1 àti Rds2.

Ó dùn ún gbọ́. Ó tilẹ̀ dùn jù, ni mo rò nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àpótí kì í ṣe oko, ọ̀mùnú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í sì í ṣe ẹ̀wà tí ó ń yọ òdòdó. Ọ̀dá tí ó dé nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn yàtọ̀ sí èyí tí ó dé nígbà tí pádì ń kún. Ní ọdún 2009, Wellington Muchero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California, ní Riverside, gbé èsì mìíràn jáde. Wọ́n mú IT93K-503-1, ọmọ IITA, pọ̀ mọ́ ẹ̀wà California kan tí ń jẹ́ CB46, wọ́n wá inú àwọn ọmọ wọn kiri, wọ́n sì rí ibi mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ó ní ọwọ́ nínú bí ẹ̀wà ṣe ń wà ní tútù nígbà ọ̀dá. Kò sí èyí tí ó dá iṣẹ́ náà ṣe. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀yà.

Kí ni àwọn jíìnì bẹ́ẹ̀ ń ṣe gan-an? Ọ̀kan wà tí a mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ìtàn bí a ṣe mọ̀ ọ́n sì wú mi lórí. Àwọn ará Japan kan, tí Satoshi Iuchi wà lára wọn, gba ẹ̀wà kan láti Ìbàdàn, IT84S-2246-4, nítorí òkìkí rẹ̀ pé kì í bẹ̀rù ọ̀dá. Wọ́n jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ ẹ́, wọ́n sì wo jíìnì tí ó jí dìde nígbà náà. Ní ọdún 2000 wọ́n kọ nípa ọ̀kan tí wọ́n pè ní VuNCED1. Abẹ́ ewé kún fún àwọn ihò wínníwínní tí ewé fi ń mí. Ibẹ̀ náà sì ni omi ń gbà jáde lọ. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, jíìnì yìí a jí, a sì jẹ́ kí ewé ṣe oje kan tí ń jẹ́ abscisic acid. Oje yìí ni ó ń ránṣẹ́ sí àwọn ihò náà pé kí wọ́n pa dé. Ẹ̀wà tètè máa ń gbọ́ ìránṣẹ́ yìí. Ó ti ilẹ̀kùn kí olè tó dé. Owó tí ó ń san fún un ni pé ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ omi, a tì í mọ́ afẹ́fẹ́ tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ̀wà tí ń fara da ọ̀dá kì í sanra nígbà náà, ìyè ni ó ń wá.

Mo dárúkọ California ní ẹ̀ẹ̀kan. Báwo ni ẹ̀wà wa ṣe dé ibẹ̀? Ọ̀nà tí ẹ̀wà gbà dé Amẹ́ríkà ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn wá jù ni ti ọkọ̀ tí ó kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú. Ibi tí wọ́n bá kó wọn sọ̀ sí ni wọ́n ti gbin ẹ̀wà. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà Olómìnira, ẹ̀wà pẹ̀lú ìrẹsì ni oúnjẹ ọjọ́ ọdún tuntun títí di òní. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, àwọn obìnrin ń dín àkàrà ní ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ń pè é ní acarajé, oúnjẹ Ọya ni, ìjọba Bràsíl sì kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè ní ọdún 2005. Àkàrà di orúkọ rẹ̀ mú. Ẹ̀wà fúnra rẹ̀ kò rí ti rẹ̀ mú. Àwọn ará Bràsíl ń pe ẹ̀wà náà ní feijão fradinho, bí ẹni pé ajẹ́jẹ̀ẹ́ kékeré kan ni. Àwọn ará Kúbà ń pè é ní carita, ojú kékeré. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ojú rẹ̀ dúdú. Gbogbo wọn ni ó wo àmì tí ó wà lára hóró náà, tí wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé àlejò.

Àlejò yìí padà wálé ní ọdún 1985. Ní àríwá Senegal, lẹ́yìn ọ̀dá ọdún 1983 sí 1984, àgbẹ̀ kò rí irúgbìn gbìn. Anthony Hall, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Riverside, ti ń dán ẹ̀wà wò pẹ̀lú àwọn ará Senegal ní àyíká ìlú Louga, wọ́n sì ti rí i pé California Blackeye 5 kì í ka ọjọ́, nǹkan bí oṣù méjì ni ó sì fi ń gbó. Ìjọba Senegal ra irúgbìn rẹ̀ láti California, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e kọjá òkun, wọ́n pín in fún àgbẹ̀. Òjò ọdún yẹn ṣe déédéé, ẹ̀wà sì so gan-an. Kí a má sọ ọ́ di ìtàn àròsọ: kòkòrò àti àrùn ilẹ̀ Senegal kò mọ ẹ̀wà àjèjì yìí sí ọmọ ilé, wọ́n jà á. Ní àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ Senegal fúnra wọn, tí Ndiaga Cissé jẹ́ aṣáájú wọn, tó bí Mouride àti Melakh, tí ó lè kojú àwọn ọ̀tá náà. Ṣùgbọ́n pé ẹ̀wà Áfíríkà lọ sí ìgbèkùn, tí ó sì padà wá bọ́ ilé ní ọdún ìyàn, n kò mọ ohun tí mo tún lè fi kún un.

Àwọn ọmọ IITA náà ti bí ẹ̀wà ọgọ́ta ọjọ́ tiwọn ní àwọn ọdún 1980. Èyí kì í fara da ọ̀dá. Ó ń sá fún un ni, ó ti gbó kí ọ̀dá tó dé. Àwọn onímọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àgbẹ̀ Kánò ní kò tíì parí. Òun kì í gbin ẹ̀wà fún hóró nìkan. Ewé àti ìtàkùn rẹ̀, tí àwọn Hausa ń pè ní harawa, ni ó ń sá gbẹ, tí ó ń tọ́jú sórí òrùlé, tí ó ń bọ́ àgbò àti màlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí tí ó ń tà ní owó gidi nígbà tí koríko bá tán. Ẹ̀wà ọgọ́ta ọjọ́ kò ní ewé púpọ̀. Ẹ̀wà àtijọ́ tí ó pẹ́ lóko ni ó ní in. Nítorí náà, àgbẹ̀ gba tuntun, kò sì ju ti àtijọ́ nù. Ó gbin méjèèjì sínú oko kan náà. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bí ẹ̀wà tí ó ní hóró tí ó sì ní ewé. Lójú tèmi, àgbẹ̀ ni ó ṣe olùkọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí, bí kò tilẹ̀ sí ìwé kankan tí ó fún un ní oyè.

Ní ọdún 2019, Stefano Lonardi, Timothy Close àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ka ìwé àjogúnbá ẹ̀wà jáde: kromosómù 11 ní ìsọ̀rí méjì, nǹkan bíi 640 mílíọ̀nù lẹ́tà, jíìnì tí ó sún mọ́ 30,000. Ẹ̀wà tí wọ́n kà ni IT97K-499-35, ọmọ IITA tí Nàìjíríà ti fún àgbẹ̀ ní ọdún 2008 pẹ̀lú orúkọ SAMPEA 10. Orúkọ Samaru, ní Zaria, ni ó wà nínú orúkọ náà. Ó wù mí pé ìlú kan rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹni tí ó bá ń wá jíìnì ọ̀dá ní máàpù lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n máàpù ẹ̀wà kan ṣoṣo ni. Ohun tí ó wà lára àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún yòókù, tí kò sí lára ẹyọ kan yẹn, inú wọn náà ni a ó ti wá a.

Èyí ni ó mú kí n máa ronú nípa àwọn ẹ̀wà tí kò dé ilé ìpamọ́ rárá. Mo máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí ìlú wọn láti kọ orúkọ ẹ̀wà tí ìyá àgbà wọn mọ̀. Ọ̀dọ́ máa ń kọ olóyin, drọ́ọ̀mù àti ẹ̀wà funfun wá, ó tán. Orúkọ ọjà ni wọ́n. Ìyá àgbà máa ń rántí orúkọ mìíràn, a sì máa sọ bí ó ṣe tètè ń jinná tó, bí ó ṣe dára fún àkàrà tó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ó fi hóró rẹ̀ hàn wọ́n, a ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí i gbẹ̀yìn. Ohun tí irúgbìn bẹ́ẹ̀ jogún, àpótí pákó kankan kò lè wádìí rẹ̀ mọ́.

Ní ti Dan Ila, kò tíì parí ohun tí ó ní í sọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn mú un pọ̀ mọ́ TVu 7778, wọ́n sì ń wo ọmọ wọn ní iran dé iran. Ní ọdún 2010, Eugene Agbicodo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé inú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni àwọn ti rí ibi mẹ́ta tí ó ń dá ààbò bo ẹ̀wà lọ́wọ́ àrùn bakitéríà kan tí ń jó ewé bí iná. Nígbà tí àgbẹ̀ kan ní àríwá bu hóró Dan Ila fún ẹni tí ó wá gbà á, kò sí ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ àrùn náà lọ́wọ́ rẹ̀.